Ẹyẹ ń fò lu gíláàsì ilé wa ní Ìdí-Àbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Màmá Ìdí-Àbà
Ọjọ́ 8, oṣù Kẹsàn-án, aago 7:20 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn ni mo ṣe wá bá yín. Láti ìgbà tí a ti kó wọ ilé wa tuntun níbí ní Abẹ́òkúta ni ẹyẹ kò ti yé fò lu gíláàsì. Ibi tí àtẹ̀gùn wa ti gùn lọ sókè ni gíláàsì náà wà, ó ga láti ìsàlẹ̀ títí dé abẹ́ òrùlé. Ọkọ mi ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè máa wọlé. Aláwọ̀ búlúù ni, irú èyí tí ẹni tó wà nínú ilé ń rí ìta, tí ẹni tó wà níta kò rí inú. Igi ọ̀dán kan wà ní àgbàlá aládùúgbò wa tó kọjú sí i, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òkú ẹyẹ mọ́kànlá ni mo ti ṣà nílẹ̀. Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Àdàbà mẹ́fà, orofó méjì, ẹ̀gà kan, àti méjì tí n kò mọ orúkọ wọn. N kò tíì ka àwọn tó lù ú tí wọ́n sì tún fò lọ o.

Ti àná ló mú mi kọ̀wé yìí. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń ká aṣọ, mo ṣàdédé gbọ́ gbì! bí ìgbà tí èèyàn bá ju òkò. Nígbà tí mo gbójú sókè, àwòrán àdàbà náà ti wà lára gíláàsì. Apá méjèèjì nà gbalaja, orí rẹ̀, àyà rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ funfun bí ẹni pé wọ́n fi àtíkè yà á. Òun fúnra rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún márùn-ún, bi mí pé kí ló dé tí ẹyẹ náà kò yà. N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Mo ti fa kọ́tìnì bò ó láti inú, kò dá wọn dúró. Mo lẹ àwòrán àṣá kan mọ́ àárín rẹ̀, ẹyẹ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A kò lè yọ gíláàsì náà, owó ńlá la fi ṣe é. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Lísàbí
Ọjọ́ 8, oṣù Kẹsàn-án, aago 7:51 àárọ̀

Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ẹ lọ wá àwọn síídì àtijọ́ tó ti bàjẹ́, ẹ fi okùn so wọ́n kọ́ síwájú gíláàsì náà. Bí oòrùn bá kàn wọ́n, tí atẹ́gùn sì ń yí wọn, ẹ̀rù á ba ẹyẹ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é nílé wa ní Àsẹ̀rò.

Bàbá Ìjẹmọ̀
Ọjọ́ 8, oṣù Kẹsàn-án, aago 9:05 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ní ayé ìgbà tiwa, bí ẹyẹ kan bá wá fi orí sọ ilé èèyàn léraléra, a kì í fi ojú fo ó. Bàálé ilé á jókòó, á béèrè. N kò wí èyí láti da jìnnìjìnnì bo ìyá yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ fi àdúrà sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ gba ìmọ̀ràn àwọn ọ̀dọ́. Fèrèsé onípákó ni mo dàgbà bá nílé bàbá mi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ṣe lúfà. Ní gbogbo ìgbà yẹn, n kò ṣa òkú ẹyẹ kan rí nídìí fèrèsé. Ohun kan ti yí padà.

Olùkọ́ Bàyọ́lọ́jì
Ọjọ́ 8, oṣù Kẹsàn-án, aago 4:40 ìrọ̀lẹ́

Mo kí Bàbá Ìjẹmọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Òótọ́ ni pé ohun kan ti yí padà, gíláàsì ni. Fèrèsé onípákó kì í fi ojú ọ̀run han ẹyẹ. Lúfà náà, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni, àlà àárín wọn hàn ketekete, nẹ́ẹ̀tì sì sábà máa ń wà lójú rẹ̀. Gíláàsì ńlá ńlá tí a ń fi kọ́lé báyìí, odindi kan ni látòkè délẹ̀.

Màmá, èsì ìbéèrè ọmọ ọmọ yín nìyí: ẹyẹ náà kò yà nítorí pé kò rí ohunkóhun tó yẹ kó yà fún. Ẹyẹ kò mọ ohun tí à ń pè ní gíláàsì. Àwa èèyàn pàápàá, férémù rẹ̀, ọwọ́ tí a fi ń ṣí i àti ìdọ̀tí ara rẹ̀ la fi ń dá a mọ̀, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń forí sọ ilẹ̀kùn gíláàsì ní báńkì. Ẹ jáde síta láàárọ̀ ọ̀la, ẹ lọ dúró nítòsí igi ọ̀dán yẹn, ẹ wo ilé yín láti ibẹ̀. Ẹ óò rí igi ọ̀dán kejì nínú gíláàsì náà, ẹ óò rí àwọsánmà kejì. Ibẹ̀ ni àwọn àdàbà wọ̀nyẹn ń lọ. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láì fara kanra, àmọ́ ojú ọ̀run méjì ni ilé yín fi hàn wọ́n, wọn kò sì mọ èyí tó jẹ́ òkúta.

Gíláàsì búlúù yẹn ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, torí bí dígí ló ṣe rí láti ìta. Ìdí nìyẹn tí kọ́tìnì kò fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn gíláàsì ni kọ́tìnì wà, ojú gíláàsì sì ni igi èké yẹn ti ń hàn.

Àwòrán àṣá kan ṣoṣo kò lè ṣe é. Ẹ̀yin fúnra yín ti rí i. Ẹyẹ kò sá fún un nítorí pé ó jẹ́ àṣá, ó kàn yà fún un bí yóò ṣe yà fún ẹ̀ka igi, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ibi tí àlàfo bá ti tó fún un láti gbà, yóò gbà á. Nítorí náà, a ní láti kún gbogbo ojú gíláàsì náà pẹ̀lú àmì, kí àlàfo kankan má tó èyí tí ẹyẹ lè rò pé òun lè rá gbà. Ìwọ̀n tí àwọn tó ń ṣèwádìí rẹ̀ gbà wá níyànjú ni sẹ̀ǹtímítà 5 láàárín àmì kan sí èkejì. Bó bá jẹ́ ilà tó dúró lóòró ni, wọ́n ní sẹ̀ǹtímítà 10 náà ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ẹyẹ. Fún ilà yẹn, ẹni tí kò ní rúlà, kó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wọ̀n ọ́n láì ka àtàǹpàkò mọ́ ọn, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojú tó kọ sí ìta ni kí àmì náà wà o. Mo tún un sọ: ìta.

Kí ẹ tó ná owó, ẹ fi ẹfun dán an wò. Ẹ pò ó mọ́ omi kó ki, kí ẹnì kan gun àkàsọ̀, kó máa fi ìdérí ìgò tẹ̀ ẹ́ kán kán kán káàkiri. Náírà díẹ̀ ni ẹfun. Bí ẹyẹ bá dáwọ́ dúró, ẹ óò ti mọ̀ pé ọ̀nà nìyẹn, ẹ lè wá wá èyí tí òjò kò ní fọ̀ lọ.

Oní-alùmíníọ̀mù Pànṣékè
Ọjọ́ 8, oṣù Kẹsàn-án, aago 8:15 alẹ́

Ẹ kúulẹ́ o. Iṣẹ́ fèrèsé ni mò ń ṣe, mo ti ń ṣe é láti ọdún 2009. Ẹ má fi ẹfun ba gíláàsì Màmá jẹ́. Ohun tó yẹ ni pé kí a wá lẹ tíǹtì tó dúdú sí i láti inú. Bí gíláàsì bá ti dúdú, ẹyẹ á rí i bí ògiri.

Olùkọ́ Bàyọ́lọ́jì
Ọjọ́ 8, oṣù Kẹsàn-án, aago 8:32 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Tíǹtì dúdú nínú yóò jẹ́ kí gíláàsì náà túbọ̀ máa fi igi hàn ni. Ẹ rántí bí gíláàsì ọkọ̀ tó ní tíǹtì ṣe rí, àwọn èèyàn a máa dúró wo ojú ara wọn níbẹ̀. Inú ilé tó ṣókùnkùn ló ń sọ gíláàsì di dígí.

Oní-alùmíníọ̀mù Pànṣékè
Ọjọ́ 8, oṣù Kẹsàn-án, aago 9:10 alẹ́

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yín. Ẹ wí òótọ́ nípa gíláàsì ọkọ̀ yẹn. Mo gbà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó dá mi lójú. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo ti ṣe, inú ni àwọn oníbàárà ń ní kí n fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí. Bí a bá ṣe férémù nẹ́ẹ̀tì náà sí ìta, tó bo gbogbo gíláàsì, tó sì fà dáadáa, kò sí igi tí yóò hàn níbẹ̀ mọ́. Bí ẹyẹ bá tiẹ̀ lù ú, nẹ́ẹ̀tì á gbà á, á ta á padà. Fún fèrèsé yàrá, n kò rò pé ohun mìíràn wà tó dára tó o. Fún ti àtẹ̀gùn Màmá tó ga, owó férémù yóò pọ̀, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ọmọ Odò Ògùn
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹsàn-án, aago 6:02 àárọ̀

Kí lẹ ń fi owó férémù ṣe? Àwọ̀n apẹja wà lọ́jà. Ẹ rà á, ẹ ta á sórí gíláàsì náà látòkè. Mo ta irú rẹ̀ bo ojú ilé adìẹ mi nítorí àwòdì, ọdún kẹta rèé.

Ẹlẹ́yẹ Àlàbàtà
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹsàn-án, aago 6:30 àárọ̀

Ọmọ Odò Ògùn, ẹ jọ̀ọ́, kí Màmá má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti fi ojú mi rí ohun tí àwọ̀n apẹja ń ṣe fún ẹyẹ. Fọ́nrán rẹ̀ tín-ín-rín, ojú rẹ̀ fẹ̀, ẹyẹ kò rí i, orí rẹ̀ á wọ inú rẹ̀, bó ṣe ń jà ni yóò máa lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ̀gà kan kú bẹ́ẹ̀ lójú mi ní ilé tí mo ń gbé nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí. Láti àárọ̀ ló ti há síbẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rí i.

Bí ẹ bá máa lo àwọ̀n, ẹ wá èyí tí ojú rẹ̀ há débi tí orí ẹyẹ kékeré kò lè wọ̀ ọ́, kí ó fà le bí awọ ìlù, kí ó sì jìnnà sí gíláàsì bíi ìbú ọwọ́ kan, kí ẹyẹ tó bá ta lù ú má baà kan gíláàsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọ̀n tó bá dẹ̀, ìkẹ́kùn ni.

Ọmọ Odò Ògùn
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹsàn-án, aago 6:44 àárọ̀

Mo gbọ́. Tèmi fà le, àmọ́ òótọ́ ni pé alángbá ti há sí i lẹ́ẹ̀mejì. N kò ro ti ẹyẹ.

Ẹ̀gbá ní Chicago
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹsàn-án, aago 2:18 ọ̀sán

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ìlú tí mo ń gbé yìí mọ ọ̀rọ̀ yín dunjú. Ilé ìpàdé ńlá kan wà létí adágún omi níbí, McCormick Place ni wọ́n ń pè é, gíláàsì ni ọ̀pọ̀ ara rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ẹyẹ ló kú nídìí ilé náà. Àkókò tí àwọn ẹyẹ ń ti àríwá rìn lọ sí ibi tó móoru ni, òru ni wọ́n sì máa ń rìn. Iná tó ń tàn nínú ilé náà ló fà wọ́n sún mọ́ ibẹ̀, gíláàsì sì pa wọ́n. Mo ka ìròyìn náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò lè jẹun. Ní ọdún 2024, wọ́n lẹ àmì kóńkóló kóńkóló mọ́ gbogbo gíláàsì ilé náà, wọ́n tò wọ́n súnmọ́ra. Iye ẹyẹ tó ń kú níbẹ̀ já wálẹ̀ gan-an.

Nítorí náà, ohun tí Olùkọ́ sọ kì í ṣe àbá lásán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Daniel Klem ní Pennsylvania ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí láti àwọn ọdún 1970. Ìwádìí kan tí àwọn ẹlòmíì gbé jáde ní ọdún 2014 fojú bù ú pé láàárín mílíọ̀nù 365 sí mílíọ̀nù 988 ẹyẹ ni gíláàsì ilé ń pa lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ilé gogoro kọ́ ló ń pa èyí tó pọ̀ jù. Ilé kéékèèké bíi tiwa ni, nítorí pé wọ́n pọ̀.

Màmá, ohun kan wà tí mo ṣe sí ilé mi níbí tí mo rò pé yóò bá tiyín mu. Okùn ni. Okùn tó nípọn bí okùn bàtà, ẹ so wọ́n kọ́ sára igi tàbí irin kan lókè gíláàsì níta, kí wọ́n máa fì wálẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 10 láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹ kò ní láti dè é nísàlẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ń mì wọ́n, ó tún dára. Ẹni tó wà nínú ilé á ṣì máa rí ìta, á dà bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìta láàárín òjò. Ẹ sì máa pa iná àtẹ̀gùn yẹn lóru.

Ìyá Ìbejì Àsẹ̀rò
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹsàn-án, aago 5:25 ìrọ̀lẹ́

Gbogbo yín ń sọ bí ẹyẹ kò ṣe ní lù ú, èyí tó ti lù ú ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ó kàn dákú ni. Àwọn ọmọ mi a máa gbé e, wọn á rọ omi sí i lẹ́nu, wọn á da omi sí i lára. Èyí tó kẹ́yìn tún fò lọ lẹ́yìn wákàtí kan, ẹyẹ kékeré aláwọ̀ búlúù kan tí ẹnu rẹ̀ pupa. Inú wọn dùn débi pé wọn kò jẹun alẹ́.

Ẹlẹ́yẹ Àlàbàtà
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹsàn-án, aago 6:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun tí ẹ mú èyí wá, Mà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n rọ omi sí i lẹ́nu mọ́. Ẹyẹ tó dákú kò lè gbé nǹkan mì, omi náà á gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Èyí tí ẹ ní ó fò lọ yẹn, orí ló yọ ọ́.

Ẹ wá páálí kan, páálí bàtà tó. Ẹ lu ihò díẹ̀ sí i. Ẹ tẹ́ aṣọ rírọ̀ sí i nísàlẹ̀, ẹ fi aṣọ mìíràn gbé ẹyẹ náà jẹ́jẹ́, ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀, ẹ dé e. Ẹ gbé e sí ibi tó ṣókùnkùn, tó dákẹ́, tí ológbò kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sí oúnjẹ, kò sí omi, kò sí ṣíṣí i wò ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ìyẹn ló ṣòro jù fún àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì, ẹ gbé páálí náà jáde síta, sí ibi tó jìnnà sí gíláàsì, ẹ ṣí i. Bó bá yá, á fò. Bí kò bá yá, ẹ dé e padà. Bí apá rẹ̀ bá wọ́lẹ̀ tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko. Kí gbogbo ẹni tó fọwọ́ kàn án fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un fún àwọn tó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán bí ẹyẹ bá ti fò lọ. Ọpọlọ rẹ̀ lè ti wú tàbí kí ẹ̀jẹ̀ máa dà nínú rẹ̀. Òmíràn á fò dé orí igi kejì, ibẹ̀ ni yóò kú sí láìsí ẹni tó mọ̀. Mọ́kànlá tí Màmá kà yẹn, ó ṣeé ṣe kó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Alágbàtà Ìbarà
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹsàn-án, aago 7:00 alẹ́

Ní àdúgbò tiwa, àwọn ọmọ a máa sun ún jẹ. Ṣé ó burú ni?

Ẹlẹ́yẹ Àlàbàtà
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹsàn-án, aago 7:09 alẹ́

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́. Ẹ kò mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ti ń ṣàìsàn kí ó tó lu gíláàsì, ẹ kò sì mọ ìgbà tó ti kú. Ẹ wa ilẹ̀, ẹ sin ín.

Ìyá Alàgbàdo
Ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, aago 8:48 àárọ̀

Màmá Ìdí-Àbà, ẹ wo ìdí gíláàsì yín dáadáa. Ṣé ẹ kì í da ọkà fún adìẹ níbẹ̀? Tèmi, agbada omi adìẹ ló fa gbogbo wàhálà. Àdàbà á wá mumi, ọmọ kan á sáré kọjá, gbogbo wọn á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, gbì gbì lára fèrèsé. Mo gbé agbada náà sẹ́yìn díẹ̀, bíi ìṣísẹ̀ márùn-ún, ó tún burú sí i. Mo wá gbé e lọ sí ìdí kànga lẹ́yìnkùlé, ó dín kù.

Olùkọ́ Bàyọ́lọ́jì
Ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, aago 10:15 àárọ̀

Ohun tí Ìyá Alàgbàdo rí yẹn bá ìwádìí mu. Ìṣísẹ̀ márùn-ún yẹn ni ibi tó burú jù, nítorí ó tó fún ẹyẹ láti ki eré mọ́lẹ̀ kó tó dé gíláàsì. Yálà kí ẹ gbé e jìnnà, kó ju mítà 9 lọ, tàbí kí ẹ gbé e sún mọ́ gíláàsì gan-an, kó má tó mítà 1. Bó bá sún mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, ẹyẹ tó gbéra níbẹ̀ kò tíì ní agbára tí yóò fi ṣe ara rẹ̀ léṣe.

Ayálégbé Òkè-Ìlewó
Ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, aago 1:30 ọ̀sán

Tèmi yàtọ̀. Ẹyẹ kékeré kan, èyí tí ẹnu rẹ̀ gùn tó sì tẹ̀, tó máa ń mu omi òdòdó, òun ló ń wá ṣá dígí ọkọ̀ mi láti aago mẹ́fà àárọ̀. Á ṣá a, á bà sórí rẹ̀, á tún ṣá a. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì. Kì í kú, àmọ́ ó ń pa ara rẹ̀ lẹ́kún.

Olùkọ́ Bàyọ́lọ́jì
Ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, aago 2:05 ọ̀sán

Akọ ni, ó rò pé akọ mìíràn ló wá gba ilẹ̀ òun. Ó rí òjìji ara rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá bo dígí ọkọ̀ náà bí ẹ bá ti páàkì, kó wà bẹ́ẹ̀ títí àsìkò tí wọ́n ń pamọ yóò fi kọjá. Ẹ má lé e, ìtẹ́ rẹ̀ wà nítòsí yín.

Màmá Ìdí-Àbà
Ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá, aago 7:35 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní kí n padà wá jíṣẹ́.

Ẹfun ni mo kọ́kọ́ ṣe gẹ́gẹ́ bí Olùkọ́ ṣe wí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun àkàsọ̀, ó fi ìdérí ìgò kán an látòkè délẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹyẹ kan kò lù ú. Lọ́jọ́ karùn-ún, òjò ńlá rọ̀ láti òru mọ́jú, ó fọ gbogbo rẹ̀ lọ. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ náà, orofó kan ti wà nílẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, n kò tijú láti sọ ọ́. Àwọ̀ ewé rẹ̀ àti ìyeyè ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì mọ́ roro.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ọkọ mi gbà pé kí a ta okùn. Tẹ́lẹ̀, ó ní a fẹ́ sọ ilé òun di ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Oní-alùmíníọ̀mù wa láti Pànṣékè, Ọlọ́run á bù kún un, ló wá fi irin kan sí abẹ́ òrùlé, kò sì gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Okùn òwú funfun ni mo rà. Kí ó lè wu ọkọ mi, mo kó ìlàjì rẹ̀ lọ fún àwọn aláró kan ní Ìtòkú, wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró, ó dúdú mìnìjọ̀. Apá ọ̀tún la so aláró kọ́ sí, apá òsì la so funfun.

Ẹ wá gbọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lu apá ọ̀tún. Apá òsì, rárá. Ọmọ ọmọ mi ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀, ó ní, "Màmá àgbà, wọn ò rí okùn dúdú." Mo jáde lọ sí ìdí ọ̀dán, mo wò ó: òótọ́ ni, okùn aláró ti wọ inú búlúù gíláàsì lọ, kò hàn. A tú u, a fi funfun sí gbogbo rẹ̀.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹyẹ lù ú, àdàbà ni, níbi ṣóńṣó òkè tí okùn kò dé. Ó dákú. A gbé e sínú páálí bàtà ọkọ mi, a gbé páálí náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì jókòó ti ọmọ náà kí ó má baà ṣí i. Lẹ́yìn wákàtí kan àti ààbọ̀, a gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó jókòó sí etí páálí fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ó wá gbéra.

Olùkọ́ Bàyọ́lọ́jì
Ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá, aago 8:20 àárọ̀

Màmá, ọmọ ọmọ yín ti kọ́ mi ní ohun kan. N kò ronú láti sọ ọ̀rọ̀ àwọ̀ fún yín. Ohun tó bá ta yọ lójú gíláàsì ni ẹyẹ ń rí: gíláàsì tó ṣókùnkùn, àmì funfun ló tọ́ sí i. Ẹ so okùn kúkurú díẹ̀ sí ṣóńṣó òkè yẹn.

Ọmọ Lísàbí
Ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá, aago 9:02 àárọ̀

Mo fẹ́ yí ọ̀rọ̀ mi padà. Láti ìgbà tí mo ti ka gbogbo èyí ni mo ti ń wo ìdí fèrèsé tiwa. Síídì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, mo sì ti rí ẹyẹ méjì tó kú láàárín wọn. Tẹ́lẹ̀, n kì í wò ó ni. Òpin ọ̀sẹ̀ yìí ni màá ra okùn.

Bàbá Ìjẹmọ̀
Ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá, aago 11:30 àárọ̀

Ọlọ́run ṣeun. Ìyá, mo bá yín yọ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ìjọ wa ń kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, wọ́n sì ti ní gíláàsì ni wọn yóò fi ṣe gbogbo iwájú rẹ̀. Wọn kò tíì rà á. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Oní-alùmíníọ̀mù Pànṣékè
Ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá, aago 12:14 ọ̀sán

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú mi dùn pé wọn kò tíì rà á. Ẹ ní kí wọ́n má ra èyí tó ń dán bíi dígí. Kí wọ́n ra gíláàsì lásán, kí wọ́n ní kí a fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ yanrìn kọ ilà tín-ín-rín tín-ín-rín sí i lóòró kí a tó gbé e sí férémù, ilà kan ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 5. Òjò kò lè fọ ìyẹn lọ láé, kò sì ní dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ sọ fún ẹni tó bá máa fẹ́ ẹ pé ojú tí yóò kọ sí ìta ni kó fẹ́ o. Bí wọ́n bá gbé e dé tí wọ́n sì yí i padà sínú, iṣẹ́ náà ti di asán nìyẹn. Kí ẹnì kan dúró tì wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbé e sókè.